Ọ̀wẹ̀ Ọkọ̀ Lórí Ìyàngbẹ Ilẹ̀

Aṣọ ni Àwáwù ń sá lọ́sàn-án ọjọ́ náà tó fi gbójú sókè, tó rí ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ láàrin títì. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, n kò mutí. Ọkọ̀ ojú omi ni mo wí, àárín títì Ẹdẹ ni mo sì wí, nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí eruku ń sọ lálá. Àgbá onírin gígùn méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n to pákó lé àgbá lórí, wọ́n sì fi irin ṣọgbà yí pákó ká. Pọ́ńtúùn ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é. Orí tírélà pẹlẹbẹ kan ló jókòó sí, lọ́rì ògbólógbòó kan sì ń wọ́ tírélà náà bọ̀.

Ọ̀nà tó lọ sí etí adágún omi gba iwájú ilé bàbá Àwáwù kọjá, okùn aṣọ rẹ̀ sì nà láti ara ilé dé ara igi máńgòrò òdìkejì ọ̀nà. Nígbà tí lọ́rì dé ìdí okùn, ó dúró. Dírẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin gíga kan tí ẹ̀rín kò jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ó wo okùn, ó wo aṣọ funfun tó wà lórí rẹ̀, ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó kún fún gírísì. Àwáwù ti ń sáré bọ̀ láti wá tú okùn, nítorí ó mọ ìwà àwọn dírẹ́bà. Wọn a kàn já a ni, wọn a ní kí ẹ máà bínú.

Eléyìí kò já a. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó wá igi gígùn kan tí orí rẹ̀ là sí méjì, ó gun orí ọkọ̀, ó fi igi ti okùn sókè, ó sì ké sí ẹnìkejì rẹ̀ pé kó máa wa lọ́rì lọ. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ síwájú ni òun ń fẹ̀yìn rìn lórí pákó, tó rọra gbé okùn aṣọ sókè bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ, títí ìdí ọkọ̀ fi kọjá. Aṣọ kan ṣoṣo kò kan ilẹ̀.

"Ẹ ṣé gan-an o," ni Àwáwù wí. "Mo rò pé ẹ máa já a ni."

"Kí n já a kẹ̀? Lásìkò tí èèyàn ń tò láti òwúrọ̀ kó tó rí ọṣẹ kan rà? Ẹni tó bá da aṣọ fífọ̀ sínú eruku lónìí, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ò ní àforíjì."

Àwáwù bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìgbà ìjọba sójà ni. Wọ́n ní owó ìlú ti tán, kí oníkálukú máa fara dà á. Ìrẹsì di oúnjẹ ọdún, ṣúgà di ohun tí à ń fẹnu ròyìn, sójà sì ń fi kóbókò to èrò sórí ìlà. Tíṣà ni Àwáwù nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n owó oṣù kì í wọlé, ẹ̀rọ ìránṣọ ló fi ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Rájí Ìyàndá, ni olórí àwọn atukọ̀ etí adágún náà. Ọkọ̀ onígi ni wọ́n fi ń kó àwọn àgbẹ̀ òdìkejì wá sọ́jà. Ìgbà tí ọ̀kan wá dojú dé tòun tèrò, tí Ọlọ́run nìkan ló yọ wọ́n, gbogbo wọn dáwó jọ, wọ́n ra pọ́ńtúùn àlòkù yìí láti Èkó. Ó ti dé wàyí, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé dé omi. Ẹ̀ẹ̀rùn ti fa omi sẹ́yìn, ẹrẹ̀ rírọ̀ ló wà láàrin, tírélà kò sì lè wọ ẹrẹ̀. Yíyá sì ni wọ́n yá tírélà ọ̀hún. Wọ́n ti kìlọ̀ fún Ràṣídì, dírẹ́bà náà, pé kó tètè dá a padà sí Ìwó. Kéréènì ńkọ́? Ta ní fẹ́ sanwó kéréènì nírú àkókò yẹn?

"A ó gbé e sílẹ̀ lórí ìyàngbẹ ilẹ̀ níbí," ni Bàbá Rájí wí létí adágún, níbi tí Àwáwù ti tẹ̀ lé wọn dé. "Ibi tí omi ń dé lọ́dọọdún nìyí. Bí òjò bá rọ̀, omi á wá bá a."

"Àwọn wo ni yóò gbé e, Bàbá?" ni Ràṣídì béèrè. "Èyí kì í ṣe àpò gàrí o."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àna mi ni yóò gbé e."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Àwáwù. Bùràímọ̀, ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, oníṣòwò páànù ní Òṣogbo, ni wọ́n ti fi í fún. Àwọn bàbá méjèèjì ló sọ ọ́, wọ́n sì gbàdúrà sí i. Wọn kò fipá mú Àwáwù o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Wọ́n kàn gbàgbé láti bi í ni. Bùràímọ̀ alára kì í ṣe èèyàn burúkú: ó máa ń rántí fún un ní ẹ̀bùn, kò kàn rántí jókòó tì í rí. Nínú agboolé wọn sì rèé, ẹni tó bá fẹ́ gbéyàwó gbọ́dọ̀ kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá ìyàwó. Wọ́n lè kọ ebè fún un, wọ́n lè bá a kan òrùlé, ohun tó bá ṣáà ti wù ú. Bàbá Rájí rò ó pé ti Bùràímọ̀ kò bá kúkú jẹ́ ọkọ̀ yìí.

Nírọ̀lẹ́, ìyá Àwáwù ní kó gbé ẹ̀wà lọ fún àlejò tó wà nídìí lọ́rì. Ràṣídì gba àwo, ó ṣí i, ó sì kí ẹ̀wà náà bí ẹni kí ọba.

"Tíṣà, ẹ jókòó díẹ̀."

"Inú lọ́rì yìí lẹ máa sùn? Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Lọ́rì ló yẹ kẹ́rù bà. Mo máa ń hanrun."

Àwáwù jókòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ Ìwó, wọ́n sọ̀rọ̀ Ẹdẹ, wọ́n jiyàn lórí ìlú tí ènìyàn rẹ̀ láhun jù. Nígbà tó yá, Ràṣídì bi í pé, "Ẹ tiẹ̀ fẹ́ràn iṣẹ́ tíṣà yìí?"

Àwáwù wò ó. Ó gbìyànjú láti rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni bi òun ní ohun tí òun fẹ́ràn, kò rántí. "Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ náà. Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo ayé ló mọ ibi tí mò ń lọ, àfi èmi nìkan."

Ràṣídì kò rẹ́rìn-ín. "Èmi, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí níbi tí mò ń lọ. N kò mọ̀ pé oore ni wọ́n ń ṣe fún mi."

Àwáwù padà sílé, kò sì lè jẹun. Ìyá rẹ̀ bi í bóyá inú ń run ún. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, odó ń dún nínú agboolé. Wọ́n ń gún iyán ọ̀wẹ̀ àna. Oòrùn yọ, oòrùn mú, Bùràímọ̀ kò dé. Ọkùnrin kan ló gun alùpùpù wá, ó mú àpò ìwé kan fún Bàbá Rájí. Owó ló wà nínú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Bùràímọ̀ ní kí ẹ máà bínú, ọjà dé bá àwọn. Wọ́n ní kí ẹ fi gba lébìrà."

Bàbá dá owó padà láìkà á. "Sọ fún un pé ọ̀wẹ̀ ni mo bẹ̀, n kò tọrọ báárà."

Ibi tí wọ́n ti ń wojú ara wọn ni wọ́n ti gbọ́ ìró lọ́rì. Ràṣídì ti jí lọ sí gáréèjì, nítorí dídá tírélà padà ló ká a lára, kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ àna náà dá lé. Àwọn dírẹ́bà àti mẹ́káníìkì ló kó dé, tàwọn ti jáàkì, okùn àti ìtì pákó gẹdú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé e. Àwọn tó ni tírélà ń retí mi."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi okùn so ìdí ọkọ̀ mọ́ igi ńlá kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fi jáàkì gbé e sókè díẹ̀, wọ́n to ìtì pákó sábẹ́ àgbá méjèèjì, wọ́n tún gbé e, wọ́n tún tò ó. Lẹ́yìn náà ni lọ́rì wá ń rọra fa tírélà lọ síwájú, tí igi di ọkọ̀ mú sẹ́yìn, tí tírélà ń yọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀sọ̀! Ẹ̀sọ̀!" ni Ràṣídì ń pariwo. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ó kù díẹ̀ kó parí ni àgbá apá òsì yẹ̀ lórí pákó, tí ọkọ̀ fì. Igbe ta. Bàbá Rájí bọ́ agbádá sọnù, ó fò mọ́ okùn, ó sì fà á pẹ̀lú àwọn yòókù títí wọ́n fi rí pákó mìíràn kì bọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí tírélà jáde tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yọ pákó lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọkọ̀ fi jókòó pẹ̀sẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Àwáwù ti rí i pé abẹ́ àgbá tó yẹ̀ ni Ràṣídì wà, ó sì ti mọ ohun tí àyà òun sọ fún òun nígbà náà.

Iyán wà nílẹ̀, kò sì ṣeé dà nù. Wọ́n gbé e fún àwọn tó ṣiṣẹ́. Ìyá Àgbà, ìyá Bàbá Rájí, tí ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́, rò pé àna ló dé, ó ní kí wọ́n mú òun lọ bá olórí wọn. Ó gbé ọwọ́ lé Ràṣídì lórí.

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ dàgbà pọ̀. Á bí akọ fún ọ, á bí abo. Ẹ ò ní fi àárọ̀ sọkún ara yín."

Òkèlè wà lẹ́nu Ràṣídì. Àdúrà àgbàlagbà sì rèé, ta ní í kọ̀ ọ́? "Àmín, Ìyá! Àmín o!" Gbogbo dírẹ́bà bá a ké àmín, gáréèjì gbọ́.

Ìyá Àwáwù fọwọ́ bo ẹnu. Àwáwù sá wọ yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ojú ti gbogbo wọn débi pé kò sẹ́ni tó lè là á yé Ràṣídì. Ó jẹ iyán rẹ̀ tán, ó dúpẹ́, ó wa tírélà lọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kì í dúró de mọ́tò. Kí Ràṣídì tó sinmi tán ní Ìwó, wọ́n ti ń kí i pé ọkọ Àwáwù, wọ́n sì là á yé e. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀lé e, ó padà wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Rájí. Àwáwù ń gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn kọ́tìnì.

"Bàbá, mo wá bẹ̀bẹ̀ ni. N kò mọ̀ pé ọ̀wẹ̀ àna ni. Tírélà ni mo wá gbà. Ẹ má jẹ́ kí àmín tí mo ṣe láìmọ̀ ba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn jẹ́."

"Dìde, ọmọ mi. Kò bà á jẹ́. Nínú ọ̀wẹ̀ àna, bàbá ìyàwó kì í fọwọ́ kan iṣẹ́, ńṣe ló ń jókòó. Èmi sì fọwọ́ ara mi fa okùn lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ aládùúgbò lásán ni a jọ ṣe. O ò jẹ mí, n kò jẹ ọ́. Ẹyin lohùn, mo ti fi tèmi fún ilé Bùràímọ̀."

Ràṣídì dúpẹ́, ó jáde. Àwáwù ti dúró dè é nídìí lọ́rì, ojú rẹ̀ le.

"Ọ̀gá Dírẹ́bà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti dá mi padà bí ẹ ṣe dá tírélà padà."

"Àwáwù, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ tọkàntọkàn ni mi ò fẹ́ fi àṣìṣe gbà."

"Ohun tí o fẹ́! O bá bàbá mi sọ ọ́, bàbá mi dá ọ lóhùn, ẹ sì ti parí ẹ̀. Ta ni nínú yín tó bi mí?"

Ràṣídì tẹrí ba. Òtítọ́ ni. Àwáwù wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ó bínú sí bàbá rẹ̀, ó bínú sí Ràṣídì, ó wá bínú sí ara rẹ̀ jù pé òun tún ń tẹ́tí sílẹ̀ fún ìró lọ́rì tó ń lọ.

Òjò dé, ṣùgbọ́n òjò ahun ni. Omi gòkè díẹ̀, ó dúró jìnnà sí ọkọ̀, kò sì wá mọ́. Ìlú ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹ wá wo ọkọ̀ tí ń mu eruku. Lódìkejì, àgbàdo àwọn àgbẹ̀ ń bàjẹ́. Bàbá tún ránṣẹ́ sí Bùràímọ̀ pé kó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, kí wọ́n fi igi rìbìtì yí ọkọ̀ dé omi. Lọ́tẹ̀ yìí Bùràímọ̀ fúnra rẹ̀ wá, nínú mọ́tò rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe ẹni tí ń fa okùn. Ẹ jẹ́ n sanwó."

Bàbá dìde, ó wọlé. Àwáwù sin Bùràímọ̀ dé ìdí mọ́tò. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Ṣé ẹ fẹ́ràn mi?"

Ó ya Bùràímọ̀ lẹ́nu. Ó rò ó, kò sì parọ́. "Àwáwù, àwọn bàbá wa ló sọ ọ́. Ọmọ dáadáa sì ni ẹ́."

"Bí mo bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ńkọ́?"

Bùràímọ̀ ń yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. "Èmi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni màá sọ fún bàbá ẹ o!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa jọ rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, Àwáwù wọ mọ́tò lọ sí Ìwó. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń bá ara rẹ̀ wí. Ọmọbìnrin ilé ire, tíṣà, tó ń lọ wá ọkùnrin ní gáréèjì! Bí ó bá kọ̀ ńkọ́? Ó bá Ràṣídì lábẹ́ lọ́rì, ẹsẹ̀ nìkan ló yọ síta.

"Ràṣídì."

Ó fi orí gbá irin lábẹ́ lọ́rì kó tó jáde. "Tíṣà? Ṣé kò sí o?"

"Ọkọ̀ kò dé omi. Mo wá bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀."

Ràṣídì dìde, ó ń gbọn iyanrìn nù. Kò rẹ́rìn-ín. "Àwáwù, mo ti mọ ohun tí wọ́n ń pè é báyìí. Bí mo bá wá, n kò ní lè sọ pé n kò mọ̀ mọ́."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá fúnra mi."

"Bàbá ńkọ́?"

"Mi ò tíì sọ fún wọn. Ẹ̀rù ń bà mí, Ràṣídì."

"Ó ń ba èmi náà. Lọ́jọ́ Sátidé, màá wá."

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí Bàbá Rájí dé etí omi, ó bá àwọn ènìyàn Ràṣídì níbẹ̀, wọ́n ti to igi rìbìtì láti iwájú ọkọ̀ dé omi, okùn sì nà sílẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó rìn lọ tààrà sí ìdí okùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ sí i. Àyà Àwáwù já. Bí ọwọ́ bàbá rẹ̀ bá kan okùn náà pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ aládùúgbò ni wọ́n tún ṣe, ọ̀rọ̀ òun sì tán nìyẹn.

"Ràṣídì, ta ló pè ọ́?" ni Bàbá béèrè, láìgbé ojú sókè.

Ràṣídì ti dọ̀bálẹ̀, kò sì fẹ́ tú àṣírí. Àwáwù ló kúnlẹ̀ sínú iyanrìn.

"Èmi ni, Bàbá. Èmi ni mo lọ pè é ní Ìwó. Ó mọ ohun tó wá ṣe, èmi náà mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ?"

"Bàbá, mo mọ̀ pé ire ni ẹ fẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ ò bi mí rí. Bí ẹ bá bi mí, Ràṣídì ni mo fẹ́."

"Bùràímọ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ńkọ́?"

"Mo ti bi wọ́n, Bàbá. Wọ́n ní àwọn ò ní bínú."

"O bi í!" Bàbá nàró. Dírẹ́bà kan rẹ́rìn-ín, ó yára gbé e mì. Bàbá wo okùn, ó wo ọmọ rẹ̀ tó wà lórí eékún, tí ojú rẹ̀ kún fún omi àmọ́ tí kò wolẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ẹ wo ọmọ tí mo bí. Èmi ni màá lọ bá ọ̀rẹ́ mi l'Óṣogbo, kí n gba ọ̀rọ̀ mi padà lẹ́nu ara mi. Kò ní rọrùn." Ó yí ẹ̀yìn sí okùn. "Ìyá Àwáwù! Ẹ gbé àga wá fún mi."

Wọ́n gbé àga wá. Bàbá Rájí jókòó, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé itan, kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan títí iṣẹ́ fi parí.

Wọ́n yí ọkọ̀ náà lórí igi, wọ́n ń sáré kó igi ẹ̀yìn wá síwájú, títí àgbá méjèèjì fi kan omi, tí ọkọ̀ sì léfòó. Àwọn àgbẹ̀ òdìkejì ń ju fìlà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀pá tù ú lọ gbé wọn, Àwáwù bá wọn wọ̀ ọ́. Ràṣídì wá dúró tì í níbi irin ọgbà, aṣọ rẹ̀ tutù, èjìká rẹ̀ bó.

"Àwáwù, ọjọ́ yẹn o bi mí ní ọ̀rọ̀ kan, n kò rí èsì. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ lẹ́ẹ̀mejì, n kò tíì bi ọ́ rí. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Èsì rẹ̀ dá Àwáwù lójú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.

"Tún bi mí."

"Ṣé wàá fẹ́ mi, olólùfẹ́?"

"Màá fẹ́ ọ, Ràṣídì. Lọ kó àwọn bàbá rẹ wá."